Boston Ló Bí Athens

Ìṣẹ́jú méjì péré ló kù kí Nàìjíríà já Italy sílẹ̀ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ tí a lọ rí. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994 ni, ní pápá Foxboro lẹ́bàá ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Emmanuel Amuneke ti gbá ayò kan wọlé láti ìṣẹ́jú 25. Rẹfirí ti fi káàdì pupa lé Gianfranco Zola jáde, ó wá ku ènìyàn mẹ́wàá fún Italy lórí pápá. Àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù ṣe fàájì, wọ́n ń tì í síwá, wọ́n ń tì í sẹ́yìn, wọ́n ń retí fèrè. Kí fèrè tó dún, Roberto Baggio gbá tirẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú 88. Ìyẹn ló gbé wọn wọ àfikún àkókò. Ní ìṣẹ́jú 102, Baggio kan náà gbá pẹ́nárítì wọlé. Italy méjì, Nàìjíríà ọ̀kan, a di ẹrù wa.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ọdún 1996, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ títí dòní pé oríire lásán ni, pé orí Kanu ló ṣe é lóru ọjọ́ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ méjìdínlógún tí Nàìjíríà kó lọ sí Olympics ló wà nínú ikọ̀ tó lọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994: Uche Okechukwu, Sunday Oliseh, Austin Okocha tí gbogbo ayé ń pè ní Jay-Jay, Daniel Amokachi, Victor Ikpeba, àti Amuneke fúnra rẹ̀. Jo Bonfrere, ará Netherlands tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, igbákejì Clemens Westerhof ni ní Boston. Gbogbo wọn ló mọ bó ṣe ń rí lára kí ọwọ́ ti ba nǹkan tán kó tún yọ̀ bọ́. Wọ́n ti fojú ara wọn rí i pé ìṣẹ́jú 88 kì í ṣe ìṣẹ́jú 90.

Bí ọ̀rọ̀ Boston ṣe dun àwa tó wà nílé tó, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló fà á. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1994 yẹn ni ìjọba ológun Abacha mú Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọkùnrin tó náwó nára fún eré ìdárayá káàkiri Áfíríkà, tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ni NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì wọn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Baggio gbá pẹ́nárítì yẹn. Àwọn tó ti ń wá ohun kan ṣoṣo tí yóò mú wọn rẹ́rìn-ín lọ́dún náà, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọdún 1996 tún wá burú jù ú lọ. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù Abíọ́lá l'Ékòó, ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ẹ̀sà-Òkè níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbòkun, ìlú Olóyè Bọ́lá Ìgè ni, ọ̀rọ̀ òṣèlú kì í sì í ṣe àjèjì létí ará ìlú yìí. Bọ́lá Ìgè yìí náà ló fi ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún tí ìjọba Abacha fọwọ́ sí wé ìka márùn-ún lára ọwọ́ adẹ́tẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì gba gbogbo orílẹ̀-èdè kan. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, kò rọrùn kí ènìyàn máa pariwo orúkọ Nàìjíríà ní gbangba lọ́dún náà, nítorí àwọn ológun ló gba orúkọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo rántí àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé àwọn kò ní wo Olympics rárá, pé Abacha ni yóò fi ṣe fáàrí bí wọ́n bá borí.

Ìjọba náà sì ti kọ́kọ́ fìyà jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún. Àwọn ló gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunisia ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tí Amuneke gbá ayò méjì wọlé Zambia ní àṣekágbá. Ó yẹ kí wọ́n lọ gbèjà ife wọn ní South Africa ní oṣù Kìíní ọdún 1996. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995 ni wọ́n so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt, Mandela sì bá Abacha wí lójú gbogbo ayé. Abacha bínú, ó ní Super Eagles kò ní í lọ sí ilé Mandela. Bí ife ṣe kúrò lọ́wọ́ wa nìyẹn láìgbá bọ́ọ̀lù kankan. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, tún fi òfin dè wá, wọn ò jẹ́ ká lọ sí ti ọdún 1998. Ìran agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ tí a ní rí pàdánù ìdíje Áfíríkà méjì léra nígbà tí agbára wọn kún. Lọ́dún 1996, Olympics nìkan ló kù fún wọn.

Ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n na Hungary ní ayò kan sí òdo, wọ́n na Japan ní méjì sí òdo, Brazil wá na àwọn náà ní ọ̀kan sí òdo, Ronaldo ló gbá a. Japan ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí, wọ́n ti na Brazil ní Miami. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní àmì mẹ́fà-mẹ́fà, ìyàtọ̀ ayò ló lé Japan sílé. Lẹ́yìn náà Okocha àti Celestine Babayaro gbá ayò méjì wọlé Mexico. Brazil ní tiwọn na Ghana ní mẹ́rin sí méjì. Nàìjíríà àti Brazil tún dojú kọ ara wọn, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Brazil, nítorí ojú àjèjì kọ́ ni ará Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa fi ń wò wọ́n. Ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ìlú Salvador, orúkọ wa ṣì wà nínú ìlù wọn àti nínú ẹ̀sìn wọn. Wọ́n ń pè é ní ijexá. Ìlù Ọ̀ṣun ni, wọ́n sì ń lù ú ní ìgboro nígbà àjọ̀dún wọn. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e lọ síbẹ̀. Àwọn kan tún padà wálé. Philip José Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti Brazil bọ̀ sí Èkó, wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà l'Ékòó nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ lórí òkè tó wà lẹ́yìn wa yìí, lọ́hùn-ún lápá Ìmẹ̀sí-Ilé. Nítorí náà, nígbà tí Brazil bá wọ pápá pẹ̀lú aṣọ ìyeyè wọn, ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ràn wọn, a mọ orúkọ wọn lórí, a sì ń bẹ̀rù wọn. Pele ti wá sí Nàìjíríà. Àwọn bàbá wa kò yé sọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1996. Sanford Stadium, pápá Yunifásítì Georgia, ni wọ́n ti fẹ́ gbá a, èrò tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin lọ. Alẹ́ ti lẹ́ gan-an nílé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mario Zagallo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Brazil, ọkùnrin tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó tún gbà á nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Dida ló ṣọ́lé. Aldair, Roberto Carlos, Juninho, Bebeto àti Ronaldo wà níwájú rẹ̀. Wúrà Olympics nìkan ni ife tí Brazil kò tíì ní, wọ́n sì sọ gbangba pé torí ẹ̀ làwọn ṣe wá.

Ìṣẹ́jú kìíní kò tíì pé tí Flavio Conceição fi gbá fíríkíìkì wọlé Dosu Joseph, aṣọ́lé wa tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta. Ní ìṣẹ́jú 20, Roberto Carlos fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù dànù níwájú ilé, ó gbá a sínú ilé ara wọn. Ó di ọ̀mì. Inú wa ò tíì dùn tán tí Bebeto fi gbá ìkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 28. Flavio Conceição tún padà wá ní ìṣẹ́jú 38. Mẹ́ta sí ọ̀kan, wọ́n lọ sinmi.

Nínú ilé tí èmi ti wò ó, bátìrì ọkọ̀ ló gbé tẹlifíṣàn dúró, torí NEPA ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ilé kún bámúbámú títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ wà láàárín wa, wọ́n ń yá ìjókòó lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí abala kejì bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà gba bọ́ọ̀lù dání, wọn ò jẹ́ kí Brazil mí. Rẹfirí fún wa ní pẹ́nárítì. Okocha gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ilé dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Okocha gbá a, Dida mú un.

Ibẹ̀ ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Bọ̀dá kan tó jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sùn o, a máa gbọ́ ìyókù láàárọ̀." Àwọn àgbà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wa pé ó dàárọ̀. Káàkiri Nàìjíríà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọn yóò sọ fún yín bóyá àwọn sùn tàbí àwọn ò sùn, àwọn tó sùn ò sì tíì dárí ji ara wọn.

Ohun tí àwọn tó lọ sùn kò rí nìyí. Lẹ́yìn pẹ́nárítì tí Dida mú, orí Okocha kò tẹ̀ba. Ó tún lọ béèrè bọ́ọ̀lù. Ó ń gbé e kọjá láàárín àwọn Brazil bí ẹni pé ayò méjì ni àwọn fi ṣáájú. Oliseh kò yé sáré ní àárín pápá. Taribo West dúró ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí fọ́nrán eré náà, ẹ má wo ayò nìkan. Ẹ wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sáré lọ mú bọ́ọ̀lù nígbà tó bá jáde, kí wọ́n lè tètè dá a padà sínú pápá. Brazil ló ń falẹ̀ ní tiwọn, wọ́n ń tì í síwá sẹ́yìn, wọ́n ń retí fèrè. Mẹ́fà nínú ikọ̀ wa mọ eré yẹn dáadáa. Àwọn náà ti ṣe é ní Boston.

Ní ìṣẹ́jú 78, Ikpeba fi bọ́ọ̀lù kan gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wọlé. Mẹ́ta sí méjì. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kó lọ síwájú ilé Dida. Ní ìṣẹ́jú 90, wọ́n fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù kan sí àárín èrò tó wà níwájú ilé. Ó ta síbí, ó ta sọ́hùn-ún, ó dé ẹsẹ̀ Nwankwo Kanu tó kẹ̀yìn sí ilé. Dida ti ń já bọ̀. Ẹlòmíràn ì bá fi ẹ̀rù gbá a sí ibi tí ó bá bọ́ sí. Kanu fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta á sókè díẹ̀, bọ́ọ̀lù kọjá lókè ọwọ́ Dida, ó yípo, ó gbá a wọlé. Mẹ́ta sí mẹ́ta.

Àfikún àkókò ọjọ́ náà yàtọ̀ sí ti Boston. FIFA ti mú òfin ayò wúrà wá: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá ayò wọlé nínú àfikún àkókò, ó parí nìyẹn. Oṣù kan péré ṣáájú, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, Oliver Bierhoff fi irú ayò bẹ́ẹ̀ gba ife Yúróòpù fún Jámánì lọ́wọ́ Czech. Wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 2004, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò fún ẹni tí wọ́n bá gbá ayò wọlé ní àyè kankan láti dìde. Ká ní Baggio gba wúrà bẹ́ẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1994, a kì bá tí rí ìṣẹ́jú mẹ́jìdínlógún tó kù láti sapá sí i. Ṣùgbọ́n lóru Athens, òfin yẹn bá wa lára mu. Ọkàn Brazil ti wó. Tiwa ń sáré.

Ìṣẹ́jú kẹrin àfikún àkókò ni. Bọ́ọ̀lù ta lára ènìyàn, ó bọ́ síwájú Kanu létí ibi pẹ́nárítì. Ó gbà á rọra, ó ṣe bí ẹni fẹ́ gbá a, àwọn tó ń dí ẹ̀yìn Brazil bá a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé. Ó parí. Kò sí àkókò fún Brazil láti gbé bọ́ọ̀lù sí àárín mọ́.

Ariwo tó sọ ní Ẹ̀sà-Òkè lóru náà, ó jí àwọn tó ti sùn. Wọ́n sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lára, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lu ìkòkò àti agolo lọ sójú títì. Àwọn tó ti búra pé àwọn ò ní wò ó, mo rí wọn tí wọ́n ń jó. Kò sí ẹni tó dárúkọ Abacha. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan, orúkọ Nàìjíríà dùn lẹ́nu wa, àwọn ọmọ tó ń sáré lórí pápá ló sì dá a padà fún wa.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ ìbí Kanu. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ni yóò mọ́ tí yóò pé ọmọ ogún ọdún. Òun sì ni balógun ikọ̀ náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ọkàn tó fi ń sáré yẹn kò pé. Ní ọdún kan náà, lẹ́yìn tó kúrò ní Ajax lọ sí Inter Milan, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé fáàfù kan nínú ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kọkànlá. Àwọn kan sọ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti tán. Ó padà sórí pápá ní ọdún 1997, ó dé Arsenal ní 1999. Ní ọdún 2000 ó dá àjọ Kanu Heart Foundation sílẹ̀, tó ń sanwó iṣẹ́ abẹ ọkàn fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá rántí ayò kẹrin yẹn, ọkàn yẹn ni mo ń rò.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì tán. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Super Falcons rí, fò jìnnà ní mítà 7.12, ó gba wúrà Olympics àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àṣekágbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Argentina, ní pápá Athens kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Argentina ṣáájú. Claudio López gbá ti àkọ́kọ́, Hernán Crespo gbá pẹ́nárítì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a bá wọn, Babayaro kọ́kọ́, lẹ́yìn náà Amokachi. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àwọn ọmọ wa gbá fíríkíìkì síwájú ilé Argentina. Àwọn Argentina sáré jáde láti fi wá sí ipò ofúsáìdì. Amuneke dá wà níwájú aṣọ́lé, ó gbá a wọlé. Amuneke tó gbá ayò tí Italy pa rẹ́ ní Boston ni o, òun ló gba wúrà fún Nàìjíríà, àti fún Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú bọ́ọ̀lù Olympics.

Ẹni tó bá sọ pé oríire ni, kó wá sọ fún mi irú oríire wo ló ń gbá ayò wọlé ní ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ayé kò rọ gbogbo wọn lọ́rùn lẹ́yìn náà. Dosu, tó dúró síwájú Ronaldo àti Bebeto, ní ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1997, kò sì gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ mọ́. Ó ń dùn mí pé orúkọ rẹ̀ kì í tètè wá sẹ́nu àwọn ọmọdé. Ikpeba, tó jí wa dìde ní ìṣẹ́jú 78, lọ gbá pẹ́nárítì ní Surulere ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000 nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà pẹ̀lú Cameroon. Bọ́ọ̀lù ba ọ̀pá òkè, ó balẹ̀, ó dà bíi pé ó kọjá ìlà, rẹfirí ní kò wọlé, wọ́n gba ife lọ. Cameroon kan náà ló na Brazil ní Brisbane, nínú Olympics Sydney, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn pẹ̀lú ayò wúrà, nígbà tí ó ku ènìyàn mẹ́sàn-án fún wọn lórí pápá, tí wọ́n sì gba wúrà Olympics bíi tiwa.

Brazil ní tiwọn dúró fún ogún ọdún lẹ́yìn Athens. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni wọ́n tó rí wúrà yẹn gbà, ní Maracanã, nílé ara wọn, nígbà tí Neymar gbá pẹ́nárítì tó kẹ́yìn wọlé Jámánì. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Nàìjíríà na Honduras ní mẹ́ta sí méjì, tí John Mikel Obi jẹ́ balógun wọn, wọ́n sì gba bàbà.